Lísìtì QGIS wa ti kún àkúnya: ṣé ká pín in ni?

Olùtọ́jú_Lísìtì (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń dá rò tó ti sú mi, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Èmi ni mò ń bójú tó lísìtì ímeèlì àwa tí à ń lo QGIS, sọ́fítíwíà tí a fi ń ya máàpù, ní Ifẹ̀ àti Iléṣà. Orí Google Groups ló wà. Nígbà tí a dá a sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gíógíráfì, àwọn awọnlẹ̀ mélòó kan, àti àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní AFRIGIST, iléẹ̀kọ́ ìmọ̀ máàpù nínú ọgbà OAU (àwọn àgbà ṣì ń pè é ní RECTAS) ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè ò pọ̀. Ẹni tó bá béèrè láàárọ̀, kílẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan á ti dá a lóhùn.

Kòkó ló yí gbogbo ẹ̀ padà. Yúróòpù ṣòfin lọ́dún 2023 pé ẹni tó bá fẹ́ kó kòkó wọ ilẹ̀ àwọn gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko tí kòkó náà ti wá gan-an. Láti ìgbà náà làwọn tó ń ra kòkó àtàwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń rán ọmọ jáde lọ wọn oko, láti Ìfẹ́tẹ̀dó títí dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. QField ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lórí fóònù, QGIS ni QField sì ń bá ṣiṣẹ́, ni gbogbo wọn bá ya wọ lísìtì wa. Mi ò lé ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí mo bá lajú láàárọ̀, ímeèlì á ti tò lọ bẹẹrẹ. “Fóònù mi ò mú GPS.” “Oko mi ò sí níbi tó yẹ kó wà.” “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo fáìlì yìí.” Àwọn àgbà méjì tó máa ń dáhùn ìbéèrè tó le ti dákẹ́. Ọ̀kan ní kí n kúkú yọ òun kúrò.

Àwọn kan ní ká pín in sí mẹ́ta: ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ti fóònù, ti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn mìíràn ní bí mo bá pín in, mo pa á nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i.

Awọnlẹ̀_Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Pín in jàre. Kí ló kù tí à ń rò?

Mo béèrè nípa sọ̀fé àtijọ́ kan láìpẹ́ yìí, èyí tí wọ́n fi Minna ṣe (ìlànà àtijọ́ tí àwa awọnlẹ̀ Nàìjíríà fi ń ṣírò ibi tí ilẹ̀ wà), tí oníbàárà mi fẹ́ kí n gbé sórí àwòrán sátẹ́láìtì. Bíkìn (òpó ààlà) mẹ́rin péré ló wà lórí ìwé náà, ìwé ọ̀hún sì ti gbó débi pé nọ́ńbà bíkìn kan ò ṣeé kà mọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ ló lè dáhùn irú ìyẹn. Kí ni mo rí? Ọmọkùnrin kan fèsì sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, ó ní fóònù òun ń gbóná. Ni gbogbo ayé bá ń kọ́ ọ bí yóò ṣe dín iná ojú fóònù kù. Èmi ẹlẹ́jọ́, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ rí mi.

Bàbá_Oníṣirò (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́, awọnlẹ̀, ó yẹ kó dùn yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Mo ti wà lórí irú lísìtì báyìí kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó mọ ohun tó ń jẹ́ ímeèlì. R ni mò ń lò, sọ́fítíwíà ìṣirò. Lísìtì kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1997 wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta: R-announce fún ìkéde, R-help fún ìbéèrè, R-devel fún àwọn tó ń kọ R fúnra ẹ̀. Yunifásítì ETH ní Zürich ni wọ́n ti ń tọ́jú wọn. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe là á. Wọn ò dá ti ògbólógbòó sọ́tọ̀ kí wọ́n dá ti ọ̀gbẹ̀rì sọ́tọ̀. Irú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá wá sọ ni wọ́n wò.

Lẹ́yìn náà, bí àwọn tí iṣẹ́ wọn jọra ṣe ń pọ̀, ẹ̀ka ń yọ: R-sig-geo wà fún oní-máàpù, R-sig-ecology wà fún àwọn tó ń ṣèwádìí igi àti ẹranko, òmíràn sì wà fún irú ìṣirò kan pàtó. Ohun tó mú irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ dúró ni pé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ kí ìbéèrè tó dé. QGIS tí à ń sọ yìí náà, qgis-user wà fún aṣàmúlò, qgis-developer wà fún àwọn tó ń kọ ọ́.

Ẹnìkan á ní Python, èdè kọ̀ǹpútà yẹn, ńkọ́, ṣebí wọ́n ní Tutor fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Wọ́n ní i, ó sì ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ fún ọdún gbọọrọ. Àmọ́ àwọn àgbà kan ló fẹ́ràn kíkọ́ni tí wọ́n jókòó síbẹ̀ fúnra wọn, ẹnikẹ́ni ò fi wọ́n síbẹ̀. Ṣé a ní irú wọn?

Nítorí náà, Olùtọ́jú, kí o tó pín ohunkóhun, padà sínú ímeèlì oṣù kan sẹ́yìn. Má ka iye ìbéèrè. Àwọn tó dáhùn ni kí o kà, kí o kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, tí àwọn kan nínú wọn sì mọ ti fóònù dáadáa, o lè pín in. Bó bá jẹ́ ènìyàn mẹ́ta ni, tí o wá dá lísìtì mẹ́ta sílẹ̀, àwọn mẹ́ta yẹn náà ni yóò máa sáré láti ìkan sí ìkejì títí ó fi máa sú wọn.

Ọmọ_Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Láyé yìí ta ló ṣì ń ka ímeèlì? Ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ sórí WhatsApp. Ẹ ṣí Community kan, ẹ fi gúrúùpù mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ènìyàn 1,024. Ó tán.

Tìsà_Ìbàlà (Iléṣà)

Kò tíì tán, àbúrò.

Ẹni tó bá wọ gúrúùpù WhatsApp lónìí, ṣé yóò rí ohun tí a sọ lọ́dún tó kọjá? Kò lè rí i. Bí o bá fi Google wá a, kò ní gbé e jáde. Ìbéèrè tí a ti dáhùn tán lóṣù kìíní, a óò tún máa dáhùn ẹ̀ lóṣù kẹta, lóṣù karùn-ún. Nọ́ńbà fóònù gbogbo ènìyàn á tún wà níta. Àwọn obìnrin tó wà láàárín wa mọ ìyọnu tó ń tẹ̀ lé ìyẹn. Ọkùnrin tí ò mọ QGIS rárá á máa pe ènìyàn láàjìn pé òun fẹ́ kọ́ ọ.

Telegram sàn díẹ̀. Láti 2022 ni wọ́n ti jẹ́ kí gúrúùpù ńlá lè ní kókó ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú, ádímììnì sì lè jẹ́ kí ẹni tuntun rí ọ̀rọ̀ àtijọ́. Mi ò sọ pé ímeèlì ni ọba o. Ọdún 2022 yẹn náà làwọn tó ń kọ Python kó ìjíròrò tiwọn kúrò lórí ímeèlì lọ sí Discourse, ojú ìjíròrò orí wẹ́ẹ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n kó o lọ: ibi tí gbogbo ayé ti lè kà á, tí Google sì ti lè wá a rí.

Ìyá_Alájẹṣẹ́kù (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ káàsán o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó sì yé mi pé àwa oníkòkó ni èrò tí ẹ ń wí. Kò burú. Ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ tiwa.

Lákọ̀ọ́kọ́, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń jáde lọ wọn oko ò mọ̀. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ ni òfin yẹn ní ká ya ààlà rẹ̀ yípo. Èyí tí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú kan ṣoṣo nínú oko náà ti tó, kí nọ́ńbà ẹ̀ sáà ní dígíìtì 6 lẹ́yìn àmì ẹ̀sún (point). Oko kékeré ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn baba wa níbí. Ọmọ á gbé fóònù, á máa fi àdá là á kọjá nínú igbó, á rìn yípo oko tí ì bá dúró láàárín ẹ̀ kó tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Fóònù á gbóná lóòótọ́! Bá a bá sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, ìbéèrè fóònù á dín kù láìjẹ́ pé ẹ pín ohunkóhun.

Èkejì. Ọmọ kan nínú tiwa wọn oko kan ní ẹ̀gbẹ́ odò. Nígbà tó gbé e sórí àwòrán sátẹ́láìtì, oko fò sí òdìkejì. Baba tó ni oko wo fóònù títí, ó ní, “Èyí kì í ṣe ilẹ̀ mi, ilẹ̀ àna mi nìyí, ẹ má fi mí jà.” Ọmọ náà kọ̀wé sí lísìtì. Ohun tó fà á ni pé, nínú àwọn nọ́ńbà tí a fi ń sọ ìlànà tí máàpù ń lò fún QGIS, 26331 ló yàn, 32631 ló yẹ kó yàn. Ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì dáadáa: dígíìtì kan náà ni, wọ́n kàn pààrọ̀ àyè ni. UTM 31, ìpín ayé tí agbègbè wa bọ́ sí, ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ jókòó sórí Minna, ìkejì jókòó sórí WGS 84 tí GPS fóònù ń lò, tí àwọn Yúróòpù náà sì ń bèèrè. Ta ló rí i? Awọnlẹ̀ kan ni, lórí lísìtì kan náà tí ẹ fẹ́ lé wa kúrò lórí ẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ti wa lọ sí ti fóònù, ta ni yóò wá bá wa níbẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Gíógíráfì (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá ti “àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀” sílẹ̀. Èmi ò ní wọ ibẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi náà ò ní wọ ibẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa Minna, ibi tí àwọn àgbà ti ń jiyàn lórí ẹ̀ ni mo ti kà á, mi ò tiẹ̀ la ẹnu.

Oníkọ̀ǹpútà_Mayfair (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ti gbé e lọ sí Zürich, ẹ jẹ́ kí n gbé e padà wá sí Mayfair.

Àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé ímeèlì lísìtì ti kún fóònù àwọn, mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti yí bí wọ́n ṣe ń gbà á padà. Wọn kì í mọ̀ pé ó ṣeé yí. Ẹ ṣí Google Groups lórí wẹ́ẹ̀bù, ẹ wọ “My membership settings”, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Subscription sí. Bó bá wà lórí “Each email”, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa já lù yín. “Digest” ń di ímeèlì tó tó 25 pọ̀ sínú ẹyọ kan. “Abridged” ń fún yín ní àkópọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. “No email” ní tiẹ̀, kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ kà á nígbà tó bá wù yín. Bàbá tó ní kí wọ́n yọ òun kúrò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá a yí i sí Digest ná. Ẹni tó mọ̀wé tó báyẹn, a ò lè jẹ́ kó lọ torí bọ́tìnì kan.

Ẹni tó fẹ́ kó máa wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sì fẹ́ kó dà pọ̀ mọ́ ímeèlì ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́: nínú Gmail, ẹ ṣí ìkan nínú ímeèlì lísìtì, ẹ tẹ àmì ẹ̀sún mẹ́ta (⋮) yẹn, ẹ yan “Filter messages like these”. Gmail fúnra ẹ̀ á dá lísìtì náà mọ̀. Ẹ ní kó fo Inbox, kó lọ sábẹ́ léébẹ́lì tiẹ̀.

Ìyẹn ti ẹni tó ń kà á. Ti ẹni tó ń kọ ọ́ ńkọ́? Mo dábàá pé kí a máa fi ọ̀rọ̀ kan sí iwájú àkọlé: [FOONU], [MINNA], [TITE] fún àwọn tó fẹ́ tẹ máàpù sórí bébà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, torí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ á ti máa kọ ọ́, kí gbogbo wa kọ ọ́ bákan náà. Ẹni tí kò fẹ́ ti fóònù, fílítà á bá a gbé e kúrò. Kò sí pé à ń pín ẹnikẹ́ni.

Ó ku ti fáìlì, ibẹ̀ ló sì ń dùn mí jù. Ẹni tó bá fi .shp, fáìlì máàpù yẹn, nìkan ránṣẹ́ kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Fáìlì yẹn kì í dá rìn: .shx àti .dbf gbọ́dọ̀ bá a lọ, .prj náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí .prj ló ń sọ fún QGIS bóyá Minna ni tàbí WGS 84. Bí kò bá sí, ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ á máa méfò ni, ibẹ̀ ni 26331 ti ń di 32631. Ẹ so gbogbo ẹ̀ sínú zip kan. Tàbí kí ẹ kúkú lo GeoPackage, fáìlì kan ṣoṣo ni, láti QGIS 3.0 tó jáde ní 2018 ló sì ti jẹ́ pé òun ni QGIS máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú nǹkan. Kí ẹni tó ń béèrè náà sọ ẹ̀dà QGIS tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. “QGIS mi ò ṣiṣẹ́” kì í ṣe ìbéèrè.

Awọnlẹ̀_Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Oníkọ̀ǹpútà, o sọ òótọ́ nípa .prj, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n àmì iwájú àkọlé yẹn, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́. Ọmọ tó ti wà nínú oko láti òwúrọ̀, tí òjò ti pa, tí ìgbín ti gun bàtà ẹ̀, ṣé òun ni yóò rántí [FOONU]? Bí ìdajì bá kọ ọ́ tí ìdajì ò kọ ọ́, fílítà yín ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó máa ṣiṣẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun bá kọ máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ádímììnì. Google Groups ń gba ìyẹn láàyè. Ádímììnì á dá a padà: “Fi .prj sí i,” tàbí “Má fèsì sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ṣí tìẹ.” Lẹ́ẹ̀kan péré ni wọ́n nílò ẹ̀, wọ́n á mọ̀ ọ́n.

Mọ̀mí alájẹṣẹ́kù, ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mo dáhùn 26331 yẹn. Mi ò mọ̀ pé ọmọ yín ni.

Ìyá_Alájẹṣẹ́kù (Ilé-Ifẹ̀)

Áà! Ẹ̀yin ni? Baba olóko ń gbàdúrà fún yín títí di òní. Àna ẹ̀ náà ń gbàdúrà.

Tìsà_Ìbàlà (Iléṣà)

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo fojú rí nípa pípín. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó padà sílé, wọ́n ní lísìtì kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ fi ń béèrè nípa sọ́fítíwíà ìṣirò owó. Ó kún, wọ́n sì pín in sí mẹ́rin: ti owó oṣù, ti sítọ́ọ̀, ti rìsíìtì, àti ìkan tí wọ́n pè ní “Àwọn yòókù”.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń béèrè kì í mọ ibi tí wàhálà ẹ̀ ti wá. Bó bá mọ̀ ọ́n, ì bá má béèrè. Rìsíìtì ò jáde, ṣé ti rìsíìtì ni àbí ti sítọ́ọ̀ tí kò yọ ọjà kúrò? Kò mọ̀. Á fi í ránṣẹ́ sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ènìyàn kan á dá a lóhùn ní ti sítọ́ọ̀, ẹlòmíràn tí kò rí ìyẹn á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ti rìsíìtì, á sì sọ nǹkan mìíràn fún un. Àwọn tó gbọ́n wá rí i pé “Àwọn yòókù” ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń kà, ni gbogbo ayé bá kó lọ síbẹ̀. Kí ọdún tó parí, “Àwọn yòókù” ti di lísìtì àtijọ́, àwọn mẹ́ta tó kù ń hu koríko. Nígbà tí wọ́n pa wọ́n rẹ́, ọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn bá wọn lọ. Kò sẹ́ni tó kó o pamọ́.

Nítorí náà, tèmi ni pé kí ẹ má pín in rárá.

Bàbá_Oníṣirò (Ilé-Ifẹ̀)

Tìsà, mo gbà pé ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ “rárá” yẹn ni mi ò gbà. Wọ́n fi ẹ̀ka iléeṣẹ́ pín in, ẹni tó ń béèrè ò sì lè mọ ẹ̀ka tí àìsàn ẹ̀ wà. Ẹni tó di fóònù mú nínú oko mọ̀ pé fóònù lòun di mú. Ìyẹn yàtọ̀. Ohun tí kò ní mọ̀ ni bóyá ọ̀rọ̀ òun jẹ́ ti ọ̀gbẹ̀rì tàbí ti àgbà, ìdí nìyẹn tí mo fi lòdì sí pípín tó bá jẹ́ ìyẹn ni wọ́n fẹ́ fi pín in.

Ẹ sì ya ìkéde sọ́tọ̀ lónìí, ẹ má dúró de nǹkan kan. Ìkéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìkéde ẹ̀dà tuntun, ìkéde iṣẹ́. Lísìtì tí ẹnikẹ́ni ò lè fèsì sí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́, gbogbo àádọ́ta létà yín ni wọ́n sì ń gbà lójoojúmọ́.

Ọmọ_Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Mo ti gbà lórí WhatsApp, ẹ fi mí sílẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹnìkan gbé nǹkan tí Mọ̀mí sọ nípa hẹ́kítà 4 yẹn sí ojú ewé kan, pẹ̀lú ti .prj, pẹ̀lú 26331. Èmi lè bá yín kọ ọ́. Ẹ̀yin àgbà á sọ ibi tí mo ti ṣì í.

Ìyá_Alájẹṣẹ́kù (Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ dáadáa. Màá fi ohun tí mo ní ránṣẹ́ sí ọ.

Bó bá jẹ́ pé ti fóònù nìkan lẹ fẹ́ yà sọ́tọ̀, mo ní ọmọ méjì tó mọ QField bí ẹni mọ owó. Ọ̀kan wà ní Ìpetu, ìkejì wà níbí. Wọ́n á máa dáhùn láàárọ̀ kí wọ́n tó wọ oko, àti lálẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà dé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣèlérí fún mi ni pé awọnlẹ̀ kan á wà lórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ oko máa ń di ọ̀rọ̀ ààlà, ọ̀rọ̀ ààlà kì í sì í ṣe ti ọmọdé.

Awọnlẹ̀_Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní àdéhùn kan tèmi: ẹni tó bá béèrè, tí a dá a lóhùn, kó padà wá sọ bóyá ó ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń gba ìdáhùn tán, wọ́n á sá lọ, ẹni tó bá ní ìṣòro kan náà lọ́dún tó ń bọ̀ ò ní mọ èwo ló tọ́ nínú ìdáhùn mẹ́ta. Ọmọ Òṣómàáló ni mí o, màá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó bá jẹ mí ní “ó ṣiṣẹ́”.

Olùtọ́jú_Lísìtì (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ka àwọn tó dáhùn bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe. Ènìyàn méje ló ń dáhùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ọmọ méjì Mọ̀mí wà nínú wọn, tí mo kàn ń rò pé wọ́n ń béèrè ni.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Ìkéde á lọ sí lísìtì tiẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí. Mi ò ní dá ti ọ̀gbẹ̀rì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ ti tó fún mi. Ti fóònù á ní tiẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì àti Awọnlẹ̀, títí ìkórè kòkó ńlá á fi parí. Bí ìbéèrè bá ń wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, màá dà á padà mọ́ ti àtijọ́, màá sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ wá kí n tó tì í pa, Tìsà. Ẹni tuntun, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ẹ̀ á gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Àmì iwájú àkọlé, màá sọ ọ́ fún wọn, mi ò ní fi lé ẹnikẹ́ni jáde.

Mo ti bá bàbá wa yí tiwọn sí Digest. Wọ́n ní kí n má tíì yọ àwọn kúrò.

Oníkọ̀ǹpútà_Mayfair (Ilé-Ifẹ̀)

Ohun kan ṣoṣo kí o tó ṣí i: wo ibi tí ìdáhùn ń lọ. Bí o bá fi sí pé kó máa lọ bá ẹni tó béèrè nìkan, lísìtì fóònù yẹn á dà bí ibi tí wọn kì í ti í dáhùn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń dáhùn ní kọ̀rọ̀. Fi sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ìyá_Alájẹṣẹ́kù (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ má pè é ní ti fóònù. Ẹ pè é ní ti oko, àwọn baba á jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn wọ ibẹ̀.

Olùtọ́jú_Lísìtì (Ilé-Ifẹ̀)

Ó ti di qgis-oko, ìdáhùn sì ń lọ sí gbogbo ẹgbẹ́. Mọ̀mí, ẹ fi àdírẹ́sì ímeèlì àwọn ọmọ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, kí n sọ wọ́n di ádímììnì kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé.